Ọdún tí Dádì Lé Àwọn Oníṣẹ́ Ọwọ́ Jáde

Kí Dádì tó ra fóònù ńlá tí ó ń fi fídíò hàn, ilé wa ní Igbein ń jò, ó ń ké, ó sì ń sán, a sì ń bá a gbé ní àlàáfíà. Ilé alámọ̀ ni, bàbá Dádì ló kọ́ ọ, wọ́n wá fi sìmẹ́ńtì rẹ́ ẹ lára kí ojú má baà máa tì í láàárín àwọn ilé oníbúlọ́ọ̀kù tó yí i ká. Àwa ọmọ mọ ohùn rẹ̀ bí a ṣe mọ ohùn àwọn òbí wa. Bí páànù òrùlé bá ń ta pá, pá, oòrùn ti mú nìyẹn, kí ẹni tó sá ata lọ yí i padà. Bí ilẹ̀kùn ẹ̀yìnkùlé bá han gooro, Mọ́mì ló ń gbé ìkòkò ògì wọlé, kí ẹni tí kò bá tíì fọ ẹnu yáa wá nǹkan ṣe sí i. Ẹ̀rọ omi tó wà lẹ́bàá ilé ìdáná ń kán sínú garawa tó, tó, tó, tọ̀sán-tòru, títí etí wa kò fi gbọ́ ọ mọ́. Ìgbà tí omi bá lọ tí kò kán ni gbogbo wa tó máa ń ta jí. Ìyá Àlájà, ìyá tó bí Dádì, tí ìyàrá rẹ̀ kọjú sí àgbàlá, a máa sọ pé ilé tó bá ń dún ni ènìyàn ń gbé inú rẹ̀. Ọdún tí mo ń sọ yìí ni Dádì pinnu pé ilé náà gbọ́dọ̀ dákẹ́.

Iṣẹ́ akọ̀wé ni Dádì ń ṣe ní ọ́fíìsì kan l'Ékòó. Bí ó bá ti kírun àsùbáà tán, ó ti wọ ọkọ̀ nìyẹn. Bí a bá sì tún fi ojú kàn án, a ti kírun ìṣáì, láfún rẹ̀ sì ti tutù nínú abọ́. Ọwọ́ rẹ̀ rọ̀ bíi búrẹ́dì tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ nínú ààrò. Ohun tó wúwo jù tí ọwọ́ náà ń gbé ni báàgì tí ó ń kó ìwé sí. Ní ìbẹ̀rẹ̀ òjò ọdún náà, ilẹ̀kùn ẹ̀yìnkùlé wú, kò ṣeé tì mọ́, a sì ránṣẹ́ pe káfíńtà. Ọkùnrin náà dé, ó jókòó, ó mu gààrí wa, ó wo ilẹ̀kùn lọ, ó wò ó bọ̀, ó ní gbogbo férémù ni òun máa yọ. Dádì ní kí ló dé tí kò kàn lè fá díẹ̀ lára pákó náà. Káfíńtà rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ọ̀gá, ẹ̀yin ẹ máa kọ ìwé yín, ẹ jẹ́ kí àwa máa bá pákó wa jà." Ọ̀rọ̀ yẹn ló dá gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Dádì sìn ín dé ẹnu ọ̀nà, ó padà wọlé, ó dúró sí àárín àgbàlá bí ẹni tó fẹ́ kéwú, ó ní láti ọjọ́ náà lọ, kò sí káfíńtà, kò sí bíríkìlà, kò sí pọ́lọ́mbà tí yóò tún fi ẹsẹ̀ tẹ ilé òun mọ́.

"Ohun tí ènìyàn kan bá ṣe," ó ní, "ènìyàn mìíràn lè ṣe é."

Ìyá Àlájà ń ṣa ìrẹsì ní ìta ìyàrá rẹ̀. Kò gbé ojú sókè. "Òótọ́ ni, Ganíyù," ó ní. "Ìyàwó rẹ bímọ. À ń retí tìrẹ."

Ẹni tó kọ́ Dádì níṣẹ́ ni òyìnbó onírùngbọ̀n pupa kan tó wà nínú fóònù. Nínú ọkọ̀ Èkó ni ó ti ń wò ó ní àlọ, ó ń wò ó ní àbọ̀. Bí ó bá fi máa dé ilé, ó ti mọ ohun gbogbo. Òyìnbó náà á gbé pákó sí ara ògiri, á fi ẹ̀rọ lu ihò kan, á fi súkúrú dè é, á gbá ọwọ́ ara rẹ̀, á rẹ́rìn-ín, ó parí. Dádì ra àpótí irinṣẹ́ aláwọ̀ ìyeyè, ó ra bẹ́líìtì tí wọ́n ń fi hámà há ìbàdí, ó sì máa ń wọ bẹ́líìtì náà jókòó ti ògì àti àkàrà ní àárọ̀ Sátidé. Àwa ọmọ kọ́kọ́ rò pé ó ti gba iṣẹ́ ọlọ́pàá ni. Ohun kan ṣoṣo tí òyìnbó kò sọ fún un, tí òun náà kò sì bi í, ni pé pákó ni wọ́n fi ṣe ògiri ilé tòyìnbó, amọ̀ ni tiwa. Mo ti dàgbà báyìí, mo ti bá oríṣiríṣi ọ̀gá ṣiṣẹ́, mo sì ti rí i pé àìsàn Dádì yẹn kì í ṣe tirẹ̀ nìkan. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń fi ẹ̀kọ́ ilé ẹlòmíràn tún ilé tiwọn ṣe, tí ilé bá wá wó, wọ́n á ní ilé náà ni kò gbọ́ èdè.

Ẹ̀rọ omi ni ó kọ́kọ́ dojú kọ. Ó ní kíkán tí ó ń kán yẹn, rọ́bà kékeré kan ló jẹ nínú rẹ̀, òun máa pààrọ̀ rẹ̀ kí ẹ̀kọ tó tutù. Òótọ́ ni, rọ́bà náà ló jẹ. Ṣùgbọ́n òyìnbó ti pa omi láti ìta kí ó tó bẹ̀rẹ̀, ibi yẹn nínú fídíò ni ọkọ̀ ti wọ kòtò, Dádì kò rí i dáadáa. Bí ó ṣe tú orí ẹ̀rọ náà ni omi bẹ́ sí i lójú, orí ẹ̀rọ fò lọ sí ibi tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀. Ó fi ọwọ́ dí i, omi gba àárín ìka rẹ̀. Ó fi fìlà rẹ̀ dí i, fìlà náà bá omi lọ. Omi wọ ilé ìdáná, ó gbé ìyẹ̀fun láfún tí Mọ́mì kó sínú àpò, ó wọ pálọ̀, ó rin ẹní ìkírun gbingbin. Mọ́mì ló sáré jáde lọ pa omi náà lẹ́nu géètì. Nígbà tí gbogbo rẹ̀ rọlẹ̀, tí Dádì dúró láàárín ẹrẹ̀ bí adìẹ tí òjò pa, Ìyá Àlájà yọ orí jáde láti inú ìyàrá.

"Àwọn àgbà ní ẹni tó bá da omi síwájú, yóò tẹ ilẹ̀ tútù," ó ní. "Ganíyù, ilẹ̀ tútù rèé. Máa tẹ̀ ẹ́ lọ."

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí lè rò pé ojú tì í. Ojú kò tì í. Ó ní ẹ̀rọ omi náà ti gbó jù, pé ó ti fẹ́ bàjẹ́ tẹ́lẹ̀, pé bí òun kò bá tú u lọ́jọ́ náà ni ìbá bẹ́ lójú oorun wa. Kò pẹ́ sí i, ó kan pẹpẹ mọ́ ògiri fún Ìyá Àlájà. Abọ́ ni Ìyá Àlájà ń tà ní ọjà Ìtòkú, ó sì ní àwọn abọ́ tánganran kan tí kò tà rí, èyí tí ọkọ rẹ̀ rà fún un, tí ó ń tò sórí àpótí. Dádì ní ohun iyì kì í wà nílẹ̀. Ó fi súkúrú de pákó mọ́ ògiri amọ̀, ó to abọ́ náà sórí rẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ, ó pe gbogbo wa wá wò ó, a sì kí i kú iṣẹ́. Pẹpẹ náà fara dà á títí a fi jẹun ọ̀sán tán. Lẹ́yìn náà, ó wálẹ̀, tòun ti súkúrú, tòun ti amọ̀, tòun ti abọ́. Dádì wo ihò tó kù lára ògiri, ó mi orí.

"Ògiri yìí ni kò dáa," ó ní.

"Ògiri tó ti ń gbé òrùlé láti ìgbà tí wọn kò tíì bí ọ," Ìyá Àlájà dáhùn. Ó ń ṣa àfọ́kù abọ́ sínú ìborùn rẹ̀. Mo rí i pé ó ń to àwọn àfọ́kù náà mọ́ ara wọn bí ẹni tó rò pé wọ́n ṣì lè so.

Mo ní láti sọ ti Ìyá Ẹlẹ́ní báyìí. Ẹní ni ó ń tà, ìsọ̀ rẹ̀ àti ti Ìyá Àlájà sì kángun síra wọn ní Ìtòkú, ilé rẹ̀ kò sì jìnnà sí tiwa. Láti ìgbà ọmọge ni àwọn méjèèjì ti ń ṣe ọ̀rẹ́, wọ́n ń jà, wọ́n ń parí rẹ̀, wọ́n ń gba oníbàárà mọ́ ara wọn lọ́wọ́. Ní ìrọ̀lẹ́, Ìyá Ẹlẹ́ní á wá jókòó sí ìta ìyàrá Ìyá Àlájà, wọ́n á jọ jẹ láfún nínú abọ́ kan, wọ́n á máa bú gbogbo ẹni tó kọjá. Àdéhùn kan wà láàárín wọn pé ẹni tó bá kọ́kọ́ kú, ẹnìkejì ni yóò wẹ̀ ẹ́. Níṣojú wa ni wọ́n ti máa ń sọ ọ́, bí ẹni ń sọ̀rọ̀ ọjà.

"Má jẹ́ kí àwọn ọmọdé yẹn fi omi tútù wẹ̀ mí o," Ìyá Ẹlẹ́ní á ní. "O mọ̀ pé òtútù kò bá mi lára mu."

"Bí èmi bá kọ́kọ́ lọ ńkọ́?"

"Ìwọ? Ta ló máa gbà ọ́ lọ́hùn-ún?"

Wọ́n á wá rẹ́rìn-ín títí omi á fi máa bọ́ lójú wọn.

Ilẹ̀kùn ìyàrá Ìyá Àlájà, igi ìrókò ni, bàbá Dádì ló ṣe é, ó nípọn bí orí odó. Irin ìdábùú ni Ìyá Àlájà fi ń tì í láti inú, irin náà sì ti le ju ìka rẹ̀ lọ. Ó sọ bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ kan, ó kàn ń sọ̀rọ̀ ni, kò bẹ ẹnikẹ́ni níṣẹ́. Sátidé tó tẹ̀ lé e, Dádì gbé kọ́kọ́rọ́ tuntun dé, èyí tí wọ́n ń yí ọwọ́ rẹ̀ kí ilẹ̀kùn tó ṣí, ọwọ́ náà rí rogodo, ó ń dán bíi wúrà. Mọ́mì wò ó, ó wo ilẹ̀kùn náà.

"Ẹ jẹ́ ká pe ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe," ó ní.

"Ṣé èmi ni n kò mọ̀ ọ́n ṣe?"

"N kò sọ bẹ́ẹ̀."

"Kí lo wá sọ?"

"Mo ní ẹ kú iṣẹ́."

Ó fi gbogbo ọjọ́ gbẹ́ ìrókò náà, ó lu férémù rẹ̀ títí ògiri ẹ̀gbẹ́ fi sán láti òkè dé ìsàlẹ̀. Nígbà tó parí, àwọn irin kéékèèké kan ṣẹ́ kù sí i lọ́wọ́. Mo bi í léèrè kí ni wọ́n wà fún. Ó ní àwọn tó ṣe kọ́kọ́rọ́ náà ló fi wọ́n ṣe èènì. Ó yọ irin ìdábùú àtijọ́ kúrò, ó jù ú sí ẹ̀yìnkùlé. Fún ìgbà díẹ̀, kọ́kọ́rọ́ náà ń ṣí, ó ń tì, Dádì sì ń gba ìtòsí rẹ̀ kọjá bí olórí ẹbí ṣe ń gba iwájú ilé tí ó kọ́.

Sátidé mìíràn, a ń jẹ àkàrà lọ́wọ́ nígbà tí ọmọbìnrin Ìyá Ẹlẹ́ní wọlé, gèlè kò sí lórí rẹ̀, ó kúnlẹ̀ níwájú Ìyá Àlájà, kò sì lè sọ̀rọ̀. Ìyá Àlájà ló bá a sọ ọ́. "Ó ti lọ?" Ọmọ náà fi orí dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni. Ìyá Àlájà ní, "Ìnnà lílàhì." Ó fọ ọwọ́ rẹ̀, ó dìde, ó ní, "Ẹ gbé omi kaná. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe fọwọ́ kàn án kí n tó dé. Mo fẹ́ pààrọ̀ aṣọ." Ó wọ ìyàrá, ó ti ilẹ̀kùn. A gbọ́ bí ó ṣe ṣí àpótí, a gbọ́ bí ó ṣe pa á dé. Lẹ́yìn náà a gbọ́ ọwọ́ kọ́kọ́rọ́, ó ń yí, ó ń yí.

"Ganíyù."

Dádì dìde. "Ẹ yí i sí ọ̀tún, Màámi."

"Mo ti yí i sí ọ̀tún."

"Ẹ wá yí i sí òsì."

"Ó ń yí síbi gbogbo," Ìyá Àlájà ní láti inú. "Ó dà bí ẹni ń yí rédíò tí kò ní bátìrì."

Dádì gbé àpótí ìyeyè rẹ̀ dé. Ó ki súkúrúdírábà bọ ibí, ó ki í bọ ọ̀hún. Fèrèsé ìyàrá náà ní irin, ìta ni ilẹ̀kùn sì ń ṣí sí, tí a kò fi lè fi èjìká gbá a. Nígbà tí òógùn bo Dádì, ó yọ fóònù rẹ̀, ó wá òyìnbó onírùngbọ̀n pupa lọ síbẹ̀. Ẹ̀rọ ayélujára ń fà. Wọ́n kọ́kọ́ polówó ọṣẹ. Lẹ́yìn náà òyìnbó bẹ̀rẹ̀ sí kí gbogbo ayé.

"Ta lẹ tún pè wá?" Ìyá Àlájà béèrè.

"Ẹni tó ń kọ́ mi níṣẹ́ ni, Màámi."

"Bi í bóyá òun náà ti ti ìyá rẹ̀ mọ́lé rí."

Ọmọbìnrin Ìyá Ẹlẹ́ní lọ, ó sì tún padà dé. Ó ní àáfà ti wà níbẹ̀, àwọn ọkùnrin ti ń gbẹ́lẹ̀, wọ́n ní òkú kò gbọdọ̀ pẹ́ nílẹ̀, pé kí Ìyá Àlájà ṣáà máa bọ̀. Dádì ní ó kù díẹ̀. Àwa tí a dúró níbẹ̀ mọ̀ pé kò kù díẹ̀. Láti inú ìyàrá, Ìyá Àlájà kò tún ṣe yẹ̀yẹ́ mọ́. Ó ní, "Ganíyù, jọ̀ọ́." N kò gbọ́ kí ó sọ bẹ́ẹ̀ fún ẹnikẹ́ni rí. Mọ́mì ní ká fọ́ ilẹ̀kùn náà. Dádì ní ilẹ̀kùn bàbá òun ni, pé kọ́kọ́rọ́ náà sì tún jẹ́ tuntun, pé tí wọ́n bá lè fún òun láyè díẹ̀, òun ti ń rí ibi tó ti há. Ọmọ Ìyá Ẹlẹ́ní wo Mọ́mì, Mọ́mì wo Dádì tó kúnlẹ̀ ti ojú kọ́kọ́rọ́ bí ẹni ń yọ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ aládùúgbò. Mọ́mì wọ ilé ìdáná, ó gbé ọmọ odó jáde.

"Màámi, ẹ sún sẹ́yìn lẹ́nu ọ̀nà," ó ní. Ó wá kọjú sí ọkọ rẹ̀. "Dádì Sìdí, ẹ kúrò lọ́nà."

"Ṣé o fẹ́ wó ilé bàbá mi ni?"

"Ẹ̀yin lẹ ti wó o. Mo fẹ́ parí rẹ̀ ni."

Ibi tí ògiri ti sán lọ́wọ́ Dádì lẹ́gbẹ̀ẹ́ férémù ni ó gún, bí ó ṣe ń gún iyán gan-an, pẹ̀lú gbogbo ìbàdí. Sìmẹ́ńtì ré bọ́, amọ̀ tẹ̀ lé e, férémù tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan, eruku sì bo gbogbo wa. Ìyá Àlájà fi ẹ̀gbẹ́ jáde láti inú ihò náà, aṣọ funfun tó wọ̀ ti di pupa. Kò wo Dádì. Mọ́mì bu omi sí i lọ́wọ́, ó tún àlùwàlá ṣe, wọ́n jáde. Dádì sáré tẹ̀ lé wọn, èmi náà sì tẹ̀ lé e. Ìta gbangba ni ó dúró sí lọ́dọ̀ Ìyá Ẹlẹ́ní, láàárín àwọn ọkùnrin, hámà ṣì há a níbàdí. Mo gbọ́ tí bàbá kan bi í, tí kò fi ṣe àwàdà rárá, bóyá ó wá tún nǹkan ṣe nínú ilé olókùú ni.

Mọ́mì ló sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú ilé náà fún mi, nígbà tí èmi náà ti di ìyàwó ilé. Àwọn ọmọ Ìyá Ẹlẹ́ní ti fẹ́rẹ̀ẹ́ wẹ̀ ẹ́ tán. Omi ìkẹyìn ló kù, èyí tí wọ́n ń fi kàfúrà sí. Ìyá Àlájà ti ọwọ́ bọ inú omi náà, ó ní, "Ó tutù." Wọ́n ní kò sí àyè mọ́, wọ́n ń dúró ní ìta. Ó ní kí wọ́n dúró. Ó gbé omi náà kaná fúnra rẹ̀, ó jókòó tì í títí ó fi lọ́ wọ́ọ́rọ́, ó wá dà á sí ọ̀rẹ́ rẹ̀ lára díẹ̀díẹ̀, ó ń bá a sọ̀rọ̀ tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, Dádì dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú àgbàlá. Ó ní, "Màámi, ẹ má bínú."

"Ta ni mo fẹ́ bínú sí?" Ìyá Àlájà ní. "Ọmọ mi ni ọ́, o fẹ́ kí ó rọrùn fún mi. Ṣùgbọ́n omi tútù ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ rẹ̀."

Dádì pẹ́ nílẹ̀ níbẹ̀. Nígbà tó dìde, ó tú bẹ́líìtì náà, ó gbé e pa mọ́ sínú àpótí ìyeyè, n kò sì rí i ní ìbàdí rẹ̀ mọ́. Kí ẹ má baà rò pé ó yípadà tán o: bí ẹ bá bi í léèrè lónìí, tó ti fẹ̀yìn tì, tó ń jókòó sí ìta kí gbogbo ènìyàn, yóò ní kọ́kọ́rọ́ náà ni ayédèrú. Ọjọ́ kejì, òun fúnra rẹ̀ ló lọ pe káfíńtà tó lé, tòun ti bíríkìlà. Ìyá Àlájà dá wọn dúró lẹ́nu géètì. Ó ní kí wọ́n bá òun gbé ilẹ̀kùn náà kúrò pátápátá, kí wọ́n rẹ́ ihò náà kó dán, kí wọ́n sì máa lọ. Ó mú aṣọ kan nínú àpótí rẹ̀, ó fi okùn ta á sí ẹnu ọ̀nà.

"Ẹ jẹ́ ká fi ilẹ̀kùn mìíràn sí i, Màámi," Dádì bẹ̀ ẹ́.

"Aṣọ kì í ti ènìyàn mọ́lé," ó ní.

Bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe gbé inú ìyàrá náà títí ó fi lọ bá ọ̀rẹ́ rẹ̀. Láti ọjọ́ tí aṣọ náà ti dé ẹnu ọ̀nà, kò sí ohun tí Dádì lè kàn mọ́ kí ó tó wọlé. Ní alaalẹ́, bí ó bá ti Èkó dé, á dúró sí iwájú aṣọ náà pẹ̀lú báàgì rẹ̀ lọ́rùn, á máa ké àgò bí àlejò, àwa ọmọ á sì máa tẹ́tí sí i.

"Àgò o, Màámi."

"Ta nìyẹn?"

"Èmi ni."

"Ìwọ ta?"

"Ganíyù, ọmọ yín."

Ìyá Àlájà á tún béèrè pé, "Kí lo mú lọ́wọ́?"

"N kò mú nǹkan kan lọ́wọ́, Màámi."

"Ó dáa," á ní. "Máa wọlé."